Ibi Tí Fèrè Màríàm Yóò Máa Gbé

Màríàm Sàláwù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fèrè kúrò lẹ́nu ni Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, olùkọ́ orin wọn, bi í léèrè pé, "Orin lo máa lọ kọ́ ní yunifásítì, àbí?"

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní àdúgbò Ọgbà ni wọ́n wà. Àwọn onífèrè yòókù ti ń kó àga jọ. Òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ní ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gba ojú fèrèsé wọlé. Títí di òní, bí òórùn yẹn bá kan Màríàm nímú, ọdún tó lò kẹ́yìn ní girama ló máa ń sọ sí i lọ́kàn.

"Rárá, sà," ó dáhùn, ó sì wolẹ̀. "Ìmọ̀ nípa ṣíṣe oúnjẹ ní ilé-iṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́. Ó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́."

Ó rò pé inú yóò bí olùkọ́ náà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ètè mú fèrè, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí láti inú ikùn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà kàn mi orí ni.

"Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n fèrè ńkọ́? Níbo ni yóò máa gbé?"

Màríàm fi fèrè rẹ̀ sápò, ó sì gba ilé lọ.

Nílé wọn ní Agége, inú bàbá rẹ̀, Àlàájì Sàláwù, tí wọ́n ń ta màlúù ní Oko Ọba, dùn gan-an sí ohun tó fẹ́ kọ́.

"Alihamudulilahi! Ó tó àkókò kó o gbé fèrè yẹn tì. Yunifásítì tí gbogbo ayé ń pariwo ni kó o mú. Bí mo bá dárúkọ ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ mi, kí wọ́n mọ̀ pé mo bímọ."

Sùlíyá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ti mú irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ kan ní tirẹ̀. "Jọ̀ọ́, ta ló ń wo ti fèrè? Orúkọ ni wọ́n ń wò nílùú yìí. Èmi àtìẹ, yàrá kan náà!"

Bí Màríàm ṣe yan ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ ńlá náà nìyẹn, láì béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó nu fèrè rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí òun lè ráyè kàwé ni. Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀hún kò wọlé. Tẹ́lẹ̀, bí ìṣirò bá ti sú u, á fọn fèrè díẹ̀ ní bálíkónì, á sì padà sídìí ìwé pẹ̀lú ara tó fúyẹ́. Ní báyìí, ojú ìwé kan náà ló máa ń tẹjú mọ́ títí oorun á fi gbé e lọ.

Nígbà tí òun àti Sùlíyá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ibi tí àwọn onífèrè ti ń dánrawò.

"Ẹ̀ka orin lo fẹ́ wọ̀ ni?"

"Rárá o."

"Àá, àwọn tó ń kọ́ orin nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀."

Sùlíyá fà á lọ́wọ́ lọ wo ilé-ìkàwé. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn Màríàm kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà ló ní kó lọ wo yunifásítì mìíràn tí òkìkí rẹ̀ kò kàn tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọn fèrè. Ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òmíràn ń kọ́ òfin. Ọmọbìnrin tó ń darí wọn na fèrè kan sí i. "Gbà, jẹ́ ká gbọ́ ẹ."

Màríàm gbé e sẹ́nu. Ohùn náà já. Ó tún gbìyànjú, ó tún já. Ètè rẹ̀ ti dẹ̀, atẹ́gùn kàn ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú àwọn tí kò mọ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Á padà," ọmọbìnrin náà wí. "Wá jókòó."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n kírun Alásárì tán, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ kò yí padà, wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Màríàm tí kì í fọn fèrè yìí, mi ò mọ̀ ọ́n."

Àlàájì fà á dìde. "Bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò ni mo kó bàtà ẹ̀ fún ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo kàn rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn." Wọ́n wo ọmọ wọn. "Títí di ìsinsìnyí, mi ò lè dúró wo àwọn tó ń gbá a ládùúgbò. Lọ pààrọ̀ ẹ̀."

Kò rọrùn fún Màríàm. Òun àti Sùlíyá sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n pínyà. Nígbà tó jáde yunifásítì tó ń wáṣẹ́, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ní òpópónà Allen bi í pé níbo tilẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Síbẹ̀, ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìkejà, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ní gbogbo Sátidé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní gbọ̀ngàn yunifásítì lọ́jọ́sí máa ń pàdé fọn fèrè. Wọ́n á rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ti rìnrìn àjò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, àárò wọn á sì máa sọ wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ pè é kó wá bá àwọn tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Ó wo ojú wọn, ó sì rí bí ẹ̀rù ṣe ń bà wọ́n.

"Kò pọn dandan kí ẹ̀bùn yín di iṣẹ́ yín," ó sọ fún wọn, "ṣùgbọ́n ẹ má torí iṣẹ́ pa á. Bí ẹ bá ń yan ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má wo orúkọ nìkan. Ẹ béèrè bóyá gbogbo ara yín, tòun ti ẹ̀bùn yín, ni wọ́n máa gbà wọlé."