Kò Lè Dúró Mọ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí Jẹ́jẹ́ rán fi máa dé etí aránṣọ, ọkọ̀ rẹ̀ ti sùn mọ́jú nínú òkìtì yanrìn. Ọjọ́ méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà fi pẹ́, ọjọ́ méjì náà ló sì kù díẹ̀ kó gbẹ̀mí èèyàn.

Orí ibùsùn ló wà, orúnkún rẹ̀ wú, nígbà tí màmá rẹ̀ wọlé tó jókòó sétí ibùsùn, tó ń fi etí aṣọ wé ìka bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi. Jẹ́jẹ́ pè níjẹta."

"Jẹ́jẹ́ wo?"

"Jẹ́jẹ́ mélòó lo ní? Mẹkáníìkì rẹ ni. O wà ní balùwẹ̀, mo bá ọ gbé fóònù. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ó ti ń sunkún tipẹ́, ó ti rù kan egungun, kò lè dúró mọ́. Ó ní kí o tètè wá."

Aránṣọ dìde jókòó. Ìrora orúnkún sá lọ.

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní kó máa sunkún lọ." Màmá rẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣùgbọ́n látàná tí mo ti rí ọ nínú yanrìn yẹn, mi ò lè sùn. Mo ní bóyá ẹkún ọmọ ọlọ́mọ ló ń jà."

Ọkọ̀ yẹn, bàbá aránṣọ ló fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Òun ló fi ń gbé kọ́tìnnì tó bá rán lọ fún àwọn oníbàárà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́, ọkùnrin náà kò ṣí i wò. Ó ní kó máa wà á lọ, kó máa wà á bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun sì dijú.

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ń sùn ni?"

"Mò ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnu rẹ̀ ni."

Ó tú táyà iwájú, ó fi páàdì bíréèkì hàn án. "Tiyín ṣì nípọn díẹ̀. Tó bá fẹ́lẹ́ tán, yóò máa han gooro bí ẹyẹ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín nígbà yẹn. Ẹ má dúró kó máa lọ̀ kàràkàrà bí ọlọ o, torí èébú nìyẹn, irin ti ń jẹ irin. Ẹ máa wà á jẹ́jẹ́."

Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yìí ló ń fi sin gbogbo ọkọ̀ jáde, òun ni wọ́n sì sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti ń retí kí bíréèkì han. Nígbà tí kò tètè han, ó ń gbé táyà tí kò jò lọ fún Jẹ́jẹ́ kó bá òun wò ó. Jẹ́jẹ́ náà ń yẹ̀ ẹ́ wò tìfẹ́tìfẹ́, "ẹ" sì di "ìwọ" láàárín wọn.

Màmá rẹ̀ kò gbà. "Ọkọ̀ lo ní o fẹ́ lọ tún ṣe, àṣé ọkọ lò ń wá! Ọwọ́ tó kún fún epo, aṣọ funfun wo ni yóò bá ọ gbé? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ fẹ́ ọ wà lọ́fíìsì, kì í làágùn. Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́."

Ó gbọ́rọ̀ sí màmá rẹ̀ lẹ́nu. Bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó ṣe bí adití. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ bí ọlọ, ó gbé orin sókè. Lánàá, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òpópónà, ó tẹ bíréèkì, ó rì wọlẹ̀, ọkọ̀ ń lọ. Òkìtì yanrìn níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ ló yà sí. Kọ́tìnnì funfun tó wà lẹ́yìn dà bò ó lórí bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Ó dìde lórí ibùsùn. "Màmá, ẹ fà mí lọ́wọ́. À ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Jẹ́jẹ́ ti lọ wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ló kọ sí wọn.

"Mo rán ọ̀rọ̀ sí ọ," ló ní, "o sì wà á."

"Òní ni mo gbọ́. Jẹ́jẹ́ mi, má sunkún mọ́."

Ó yíjú padà. "Èmi?"

"Wọ́n ní o ti rù kan egungun, o ò lè dúró mọ́."

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ó wo táyà. Ó wá gbé páàdì kan sókè díẹ̀díẹ̀, irin lásán ló kù lára rẹ̀.

"Páàdì ni mo ń sọ, mo gbọ́ igbe rẹ̀ nígbà tó o wà á kọjá níbí níjẹta. Bíréèkì ni kò lè dúró mọ́."

Aránṣọ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Màmá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, orí táyà àlòkù ló sì jókòó sí kó tó sọ ọ́.

"Yéè! Bíréèkì? Mo fi ọwọ́ ara mi fẹ́ pa ọmọ mi!"

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ̀bi mi ni. Mò ń fojoojúmọ́ bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ débi pé mi ò rántí dárúkọ ọkọ̀."

Ìyá náà nu ojú, ó wò ó dáadáa. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ìwọ alára wá ńkọ́? Ṣé ìwọ ò sunkún rárá ni?"

Jẹ́jẹ́ ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò lè mọ́. "Màmá, ẹ ò kúkú ṣì í gbọ́ tán. Páàdì nìkan kọ́ ló rù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, tomijé-tomijé. Lẹ́yìn náà ni màmá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la wá gbọ́ èsì lórí ọmọ wọn. Ọmọ mi, kí ni kí n wí?"

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ní rárá."

Aránṣọ tiro dé iwájú Jẹ́jẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun ti epo.

"Mo ti ṣe bí adití tó. Ìwọ ni mo fẹ́, ìwọ náà ni mo máa fẹ́."