Ìgò Harlan Thurlow

Ní agogo méjìlá ọ̀sán Sátidé, ìgò náà kún dé ọrùn. Ìda pupa wà lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ Harlan Thurlow wà lára rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé olè ti kó ohun inú rẹ̀ lọ.

Kí agogo méjì tó lù, Odessa Crume ti dé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni lọ́dọ̀ ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà; obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó dúró sídìí tábìlì gígùn ní yàrá ìtọ́wò ilé-ìpọntí Thurlow, ó ń wo ife mẹ́wàá, àwo páì mẹ́wàá, àti ìgò kan ṣoṣo tó dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn àlejò mẹ́fà ti lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tẹ ọgbà náà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

"Ẹ jókòó, Míìsì Imogene," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Imogene Thurlow ló ni ilé-ìpọntí náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Kò jókòó.

"Ọdún tí Harlan fẹ́ mi ló pọn ọtí yẹn sínú àgbá. Ìgò tó kẹ́yìn nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá tó kú pé lónìí. Mo ní ká ṣí i, ká fi páì ẹyin àti bọ́tà tì í, torí bí òun ṣe máa ń mu ún nìyẹn. Lọ́dọọdún la máa ń pe èèyàn wá mu bọ́ọ̀bọ̀n, ọtí àgbàdo wa, pẹ̀lú nǹkan aládùn. Tọdún yìí, nítorí tirẹ̀ ni."

"Ta ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

"Virgil Tackett. Atọ́ọtíwò wa ni, ọdún méjìdínlógójì rèé. Ó fi sẹ́nu, ó dijú, ó ní, 'Ó rọ̀ bí òrí. Oyin wà níbẹ̀. Àlìkámà pọ́ńbélé.' Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà wá mu." Ìyá náà ti ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Odessa, ata ló ta mí lẹ́nu. Ọkà ráì ni! Ráì ò wọ ọgbà yìí rí. Àgbàdo, àlìkámà, báálì, ó tán. Ẹnì kan ti kó ọtí ọkọ mi lọ, ó fi ti ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀."

Odessa gbé ife kan sí imú. Òórùn ata dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ife tó dé. Ọmọ Kentucky ni, bàbá bàbá rẹ̀ ti yí àgbá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Kò nílò àlàyé.

Ó fi èékánná ha ìda pupa tó ṣẹ́kù lọ́rùn ìgò. Ìda àtijọ́ a máa fọ́ bí èèpo búrẹ́dì gbígbẹ. Eléyìí tẹ̀, kò fọ́.

"Ìda yìí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn wo ló wà nínú ọgbà láti ọjọ́ Mọ́ńdè?"

"Àwa ará ilé náà ni. Dwight, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Virgil. Coralee tó ń ran Virgil lọ́wọ́. Loretta tó ń yan páì."

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ìgò náà sí ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì la fi í kọ́ sí. Ológbò pàápàá mọ ibẹ̀."

Ọ̀dọ̀ Dwight ni Odessa ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbára dì fún ìjà kó tó jókòó.

"Mo mọ̀ pé èmi lẹ máa kọ́kọ́ pè."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ta ni ò gbọ́ nígbà tí èmi àti Àǹtí ń pariwo mọ́ra wa? Ọkùnrin kan wà ní Louisville tó ń kó ìgò àtijọ́ jọ. Ó fẹ́ ra ti Harlan. Mo ní ká tà á, ká fi tún òrùlé ilé àgbá ṣe. Àǹtí ní òun ò lè ta ọkọ òun."

"Ìwọ wá lọ mú un fún un."

Dwight rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa. Ìgò tí ẹnikẹ́ni ò ṣí rí ni ọkùnrin yẹn ń wá. Bí mo bá gbé ọtí lọ bá a nínú kòròbà, ṣé kò ní lé mi bí ajá? Ìgò ṣì wà níbí. Ọtí ló lọ. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ẹnu Dwight ò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

"Ta ni ìwọ rò?"

"Loretta ló ń bá kọ́kọ́rọ́ gbé kíṣìnnì. Ẹ sì bi Bàbá Virgil léèrè pẹ̀lú. Atọ́ọtíwò tó pe ata ní oyin, kí ló ń fi pamọ́?"

Ìbéèrè yẹn bá Odessa padà sí yàrá ìtọ́wò.

Loretta Stivers wà níbẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń ṣọ́ àwọn àwo rẹ̀ bí ìyá adìyẹ. Coralee Hatcher dúró sí apá kejì tábìlì, ó ń to àwọn káàdì kékeré tó kọ orúkọ páì sí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹni ogójì ọdún ni, ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé lábẹ́ Virgil.

"Wọ́n ti ní èmi ni, àbí?" Loretta ò jẹ́ kí Odessa lanu. "Mo rí i lójú Dwight nígbà tó ń kọjá. Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe páì yẹn! Ṣé màá tún fọwọ́ ara mi gbé ráì tì í? Ẹ gbé ráì fún ṣokoléètì dúdú, ìyẹn lè gbìjà. Páì ẹyin ò mọ ìjà jà."

"Òótọ́ ló sọ," ni Coralee fi kún un. "Adùn páì yẹn ló jẹ́ kí ata náà yọ ketekete. Ká ní wọ́n mu ún lásán ni, àlejò míì ì bá má fura."

Odessa ka àwọn ife lójú. Ète ti kan mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹwàá kún bí wọ́n ṣe bù ú.

"Ta ló ni eléyìí?"

"Tèmi ni," ni Coralee wí.

"O ò fẹnu kàn án? Ọtí tí o ò tún ní rí mọ́ láyé?"

"Òtútù ló mú mi láti àná. Imú mi dí pátápátá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi imú tó dí mu irú ọtí bẹ́ẹ̀, mo wá ní kí n fi sílẹ̀ títí di…" Ó gbé orí sókè lójijì. "Loretta! Páì pékàn rẹ ń jó!"

Loretta ké, ó sáré. Àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọjá yàrá méjì kí wọ́n tó dé kíṣìnnì. Èéfín tín-ín-rín ń yọ lẹ́nu ófùnù. Virgil Tackett jókòó níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí iná, kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ kejì.

"Bàbá Virgil!" Loretta fa páì dúdú náà jáde. "Ẹ jókòó ti ófùnù, ẹ jẹ́ kí páì mi di èédú?"

Bàbá náà yíjú, ó wo èéfín bí ẹni tó rí àlejò tí kò retí. "Mo… ìwé ìròyìn ni mo ń kà."

Odessa wo Coralee, ó wo Virgil. Obìnrin tí imú rẹ̀ dí ti gbọ́ òórùn láti yàrá kẹta. Ọkùnrin tí imú rẹ̀ sọ ilé-ìpọntí yìí di olókìkí kò gbọ́ ohun tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

Ó pe Virgil jáde síta, sórí àga onígi tó kọjú sí àwọn ilé àgbá.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

Virgil wo àwọn ilé àgbá. "Oṣù Kejì. Àìsàn kan gbé mi ṣánlẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ayé ò ní òórùn mọ́. Mo ṣì mọ iyọ̀, mo mọ ṣúgà. Ọtí ń gbóná lọ́fun mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́ni." Bàtà rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Odessa wọ yàrá iṣẹ́ Virgil, ó ṣí ìwé ìtọ́wò. Títí dé oṣù Kìíní, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ ló kún inú rẹ̀. Láti oṣù Kejì, lẹ́tà róbótó-róbótó ni, tó gún régé. Ìbuwọ́lù nìkan ló jẹ́ ti Virgil. Odessa mú ìwé náà lọ sí yàrá ìtọ́wò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì kékeré tí wọ́n kọ orúkọ páì sí. Ọwọ́ kan náà ni.

Ní agogo mẹ́rin, ó kó gbogbo wọn jọ.

"Ohun kan ń yọ mí lẹ́nu," ó ní. "Àgbá bọ́ọ̀bọ̀n alálìkámà kún ọgbà yìí. Olè tó bá fẹ́ bo ara rẹ̀, ti ilé ló máa bù. Míìsì Imogene ì bá ní ogbó ló yí i padà, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n olè yìí jáde lọ wá ráì. Ó fẹ́ ká mọ̀ ni. Kì í ṣe ọtí ló ń lé. Ẹni tó máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ló dẹ pańpẹ́ dè. Bàbá Virgil, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ èyí tó kù."

Virgil dìde. Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ.

"Oṣù mẹ́jọ?" Imogene di ẹ̀yìn àga mú. "Ta ló wá ń tọ́ ọtí mi wò láti oṣù mẹ́jọ?"

Odessa ṣí ìwé ìtọ́wò, ó gbé káàdì lé e lórí. "Ẹni tó kọ eléyìí ni. Òun nìkan ló mọ̀ pé Bàbá ò lè mọ ìyàtọ̀. Òun nìkan ló fi ife rẹ̀ sílẹ̀, torí ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Coralee, ẹni tí òtútù dí nímú kì í gbọ́ òórùn páì láti yàrá kẹta."

Coralee fọwọ́ kan káàdì náà.

"Èmi ni," ni Coralee wí. "Ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tí Loretta lọ ra ẹyin. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo da ọtí náà jáde, mo rọ ráì sí i, mo fi ìdérí tuntun dí i, mo yọ́ ìda lé e lórí. Kò gbà mí ní wákàtí kan."

"Kí ni mo ṣe ọ́?" Virgil bi í.

"Ẹ bi mí kẹ̀?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò jẹ́ kó jábọ́. "Nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀ mí lóṣù Kejì, mo gbà. Mo ń sọ ọ́ sí yín létí, ẹ ń sọ ọ́ síta. Ẹ ní ẹ ó lọ sinmi lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹ tún ní lẹ́yìn ìkórè àlìkámà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Míìsì Imogene ní àwọn máa ya àwòrán yín sára ìgò tuntun. Bọ́ọ̀bọ̀n tí èmi yàn! Ẹ dúpẹ́, ẹ bọ́ fìlà, ẹ ò wojú mi. Mo ní kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ lójú èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ní, 'N kò mọ̀ ọ́n,' màá gbé ti gidi jáde. Ẹ wá dijú, ẹ ní ó rọ̀ bí òrí."

"Ti gidi," ni Imogene gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé o ò dà á nù?"

"Míìsì Imogene, ṣé ẹranko ni mí?"

Ọtí náà wà lórí pẹpẹ yàrá iṣẹ́ Coralee, nínú ìgò jáàmù, láàárín ọgọ́ta ìgò ìtọ́wò tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ yẹ̀ wò. Ọlọ́pàá kan tó bá Odessa wá ló gbé e wá. Oòrùn gbà á kọjá, ó pọ́n bí tíì tó gbó.

Imogene wò ó pẹ́. "Olè ni ọ́," ó ní fún Coralee. "Ọjọ́ ikú ọkọ mi lo yàn. Màá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. Virgil, ìwọ náà jalè, tìrẹ ò kàn ní ìda lẹ́nu ni. Kí n má rí ọ níbí lọ́la." Ó mí kanlẹ̀. "Loretta, ṣé páì ẹyin ṣì kù?"

Ó kù. Loretta gé e. Imogene bu ọtí náà, ó mu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí fèrèsé.

Virgil jẹ páì, ó mu. Ó dúró, ó ń retí, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Lẹ́yìn náà ó gbé ife náà fún Coralee.

"Mo bá Harlan yí àgbá yẹn wọlé," ó ní. "Jọ̀ọ́. Báwo ló ṣe rí?"

Coralee wo Odessa. Odessa mi orí pé kó mu ún.

Coralee mu ún. Omi tó ti ń há mọ́jú wá dà. "Fàníìlà ló kọ́kọ́ dé," ó ní. "Lẹ́yìn náà búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Kò sí ìjà kankan níbẹ̀, Bàbá. Bọ́tà inú páì ń gbé e lọ. Ẹ dúró, ó ṣì ń bọ̀… èso ápù ni, tó ti pẹ́ nínú yàrá igi."

"Ápù," ni Virgil wí. Ó dijú.

Odessa ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde láti mú Coralee lọ. Ó dá a padà sápò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Coralee fi sọ ọ́ tán.