Ẹni Tó Fi Ọṣẹ Fọ Ilé Oyin

Obìnrin náà ń fi ọwọ́ lásán bu kòkòrò oyin bí ẹni ń bu ìrẹsì. Kò wọ ìbọ̀wọ́, kò sì bo ojú. Ó gun àpótí kan ní ibùdókọ̀ abúlé Kuwanoura, níbi tí agbo oyin ti so rọ̀ sára pátákó tí wọ́n kọ àkókò ọkọ̀ sí, ó ń kó wọn sínú àpò aṣọ funfun. Àwọn arúgbó mẹ́ta tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe máa wo ẹni tó ń gbálẹ̀.

Makita Shungo nìkan ló sá. Ó ti dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu kó tó rántí pé ọkùnrin lòun.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ," obìnrin náà pè é láìbojú wẹ̀yìn, "ẹ wá bá mi di ẹnu àpò yìí mú."

"Wọn ò ní ta mí?"

"Oyin tó ń wá ilé kì í jà. Ó ti jẹun yó kó tó kúrò níbi tó ti ń bọ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa."

Shungo jáde. Ó di ẹnu àpò mú, ó di ojú pẹ̀lú, ó ń gbọ́ bí àpò náà ṣe ń kùn, tó sì ń gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó lajú, obìnrin náà ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú akin o," ló wí.

Abiru Chizuru ni orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ilé Abiru ní erékùṣù Tsushima. Ogójì ìtì igi oníhò ni Tokuji bàbá rẹ̀ tò sẹ́sẹ̀ òkè, oyin ìgbẹ́ ló sì ń gbé inú wọn. Shungo ní tirẹ̀, ará Osaka ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà á fún ọdún mẹ́ta pé kó wá máa bá wọn polówó olú gbígbẹ, ọdún kan sì ti lọ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ oyin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ Shungo. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ lè gbà á gbọ́. Gbogbo Sátidé ló ń gòkè lọ bá Chizuru, pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́.

"A kì í fún wọn lóúnjẹ," Chizuru kọ́ ọ. "A kì í ṣí wọn wò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ewé bá ń pọ́n, a máa bù lára oyin wọn, a sì máa fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn."

"Kí wá ni iṣẹ́ tiyín?"

"Ká má yọ wọ́n lẹ́nu. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ìwọ ò lè ṣe é."

Nígbà tí ewé pọ́n, ó gé afárá oyin fún un jẹ. Oyin náà lẹ̀ mọ́ Shungo nímú. Chizuru fi àtàǹpàkò nù ún kúrò, kò sì tètè gbé ọwọ́ padà. Kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo abúlé ti mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra. Níbi tí ilé kò ti ju mọ́kàndínlógún lọ, kí lèèyàn fẹ́ fi pamọ́?

Chizuru sọ fún bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá náà ń jẹ ẹja gbígbẹ lọ́wọ́, kò sì dá ẹnu dúró.

"Ará ìlú ńlá mẹ́rin ló ti wá sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yẹn ṣáájú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti lọ. Ọkọ̀ ojú omi ò gbàgbé ẹyọ kan."

"Shungo kì í ṣe wọ́n, Bàbá."

"Àdéhùn tirẹ̀ náà lọ́jọ́. Tọ́jọ́ bá pé, á lọ, ìwọ náà á sì tẹ̀ lé e. Ta ni kí n wá máa bá sọ̀rọ̀ nílé yìí? Oyin?"

Tokuji kì í ṣe ẹni burúkú. Ẹni tí ìyàwó ti kú fún, tí ọmọ kan ti bá ọkọ lọ sí Fukuoka, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ka àwọn tó kù sọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin, ó pe Shungo sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì na ọwọ́ sí ìtì kan tó dá dúró.

"Ti Sumie, ìyá Chizuru, nìyí. Ọgbọ̀n ọdún ni oyin fi gbé inú rẹ̀, òtútù tó kọjá ló pa wọ́n. Tó o bá rí agbo, fi wọ́n sí i. Ká wò ó bóyá nǹkan lè dúró sí ọ lọ́wọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Chizuru wọkọ̀ lọ sí Fukuoka, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ. Shungo dá bojú wo inú ìtì náà. Ó dúdú, ó ń lẹ̀, ìda àtijọ́ àti òkú kòkòrò ló kún un. Ojú tì í. Ohun ìní olóògbé rèé! Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn kì í lo ohun àyálò láìfọ̀ ọ́. Ó gbé omi kaná, ó wá búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fọ ìtì náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn tàrí, títí inú igi fi funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ. Kò sọ fún Chizuru. Ó fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni, ó sì yà á lẹ́nu lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tó fọ̀ ọ́, agbo oyin so mọ́ ẹ̀ka igi kan ní iwájú tẹ́ńpìlì. Shungo ṣe gbogbo nǹkan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó wọ́n omi sí wọn lára kí wọ́n lè sún mọ́ra, ó ti àpò bọ abẹ́ wọn, ó gbọn ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n já bọ́ sínú àpò, ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó dà wọ́n sínú ìtì, ó fi pákó dé e, ó sì gbé òkúta lé e. Láìpẹ́, àwọn oyin kan tò sẹ́nu ihò, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n ń fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn láti pe àwọn tó ṣẹ́ kù. Chizuru ti sọ fún un pé tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá wọn ti wà nínú ilé nìyẹn. Shungo jókòó sílẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó kí ìtì náà kú ewu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, oyin tú jáde. Wọ́n yí po lókè, wọ́n sì forí lé òkè kejì. Shungo sá tẹ̀ lé wọn tòun ti àpò títí ilẹ̀ fi tán, tó kan òkun.

Nígbà tó padà dé, Tokuji ti bẹ̀rẹ̀ sídìí ìtì náà, ó ti imú bọ ẹnu ihò.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Omi gbígbóná ni, Bàbá. Pẹ̀lú ọṣẹ."

"Ọṣẹ wo?"

"Èyí tí mo fi ń fọ abọ́. Ó ń ta sánsán."

"Òórùn ìda ọgbọ̀n ọdún ló wà nínú igi yìí," bàbá náà wí. "Òun ni oyin ń bá wọlé. Òun ni..."

Ohun tí Shungo kò mọ̀ ni pé láti ọdún méje tí Sumie ti kú, bàbá yìí ń wá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ará abúlé rò pé oyin ló ń tẹ́tí sí. Òórùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń wá gbọ́.

"O ò burú," Tokuji wí nígbà tó nàró. "Ṣùgbọ́n má wá sílé mi mọ́."

Chizuru dé, ó gbọ́, ó sì wá a lọ sí èbúté.

"Ọṣẹ abọ́, Shungo?"

"Mo rò pé mò ń bu ọlá fún ìyá rẹ ni."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Shungo dì í mú, ojú tirẹ̀ náà kò gbẹ.

"Ìgbà wo ni òórùn yẹn máa padà?"

"Tí oyin bá gbà, ọdún méjì, mẹ́ta. Tí wọn ò bá gbà, kò ní padà."

"Wọ́n á bá mi níbí."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, olólùfẹ́ mi. Àwọn mẹ́rin yẹn náà lẹ́nu."

Ìda tí Chizuru fún un ni Shungo ń yọ́, tó ń fi pa inú ìtì náà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ìtì náà wà, kò sẹ́ni tó lè ní ó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Tokuji ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," Shungo á wí, bàbá á sì kọjá lọ. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Osaka pè é pé àyè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó dúpẹ́, kò lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ọdún mẹ́ta àdéhùn rẹ̀ pé. Àwọn ará ọ́fíìsì kò bi í léèrè ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn ni wọ́n ṣe, wọ́n sìn ín dé èbúté, wọ́n fún un ní òdòdó. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó ṣí, Shungo sì ń juwọ́ sí i láti orí ilẹ̀, òdòdó lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì, ó gba iṣẹ́ gígé igi lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin olú, ọwọ́ rẹ̀ sì bó.

Ní oṣù kẹrin, oyin bíi mẹ́wàá wá yẹ ìtì náà wò. Wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọn kò padà wá. Ìtì ẹlòmíràn ni agbo wọn lọ wọ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, Tokuji dúró.

"Wọn ò wọlé?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó ti imú bọ ihò, ó pẹ́ níbẹ̀. "Bóyá ọdún tó ń bọ̀."

"Ó máa bá mi níbí."

"Àdéhùn rẹ ti parí."

"Láti oṣù kẹta, Bàbá."

"Mo mọ̀. Mo wà ní èbúté. Mo wá wò ọ́ kó o máa lọ ni." Ó yíjú, ó lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Chizuru wá pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ìwé ìgbéyàwó ti ìjọba ni. Ó ti kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, ààyè ọkọ ló ṣófo. Nísàlẹ̀, ní ààyè ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, wọ́n kọ Abiru Tokuji, wọ́n sì fi èdìdì pupa tẹ̀ ẹ́. Ní ààyè ẹlẹ́rìí kejì, ọwọ́ Tokuji kan náà ló kọ ọ́: Abiru Sumie. Èdìdì Sumie náà wà níbẹ̀.

Shungo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìjọba ò ní gba èyí."

"Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ká gba òmíràn fún ìjọba, ká wá ẹni tó wà láàyè buwọ́ lù ú. Ó ní èyí kì í ṣe tìjọba."

"Ti ta ni?"

"Tìrẹ," Chizuru wí.

Shungo tẹ́ ìwé náà sórí òkúta tó wà lórí ìtì. Chizuru na gègé sí i, Shungo sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ààyè ọkọ, díẹ̀díẹ̀.