Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jẹ́

Owó dé kí eruku tó kúrò lórúnkún Ọ̀gá-ń-bọ̀. Ọ̀sán gangan ló kúnlẹ̀ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Nígbà tó fi máa padà dé ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti jókòó dè é, kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun, òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun, kó kúkú gba ṣọ́ọ̀bù náà. Kí ìyá náà tó wọ bàtà tán, hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ti pè, gbogbo wọn ló fẹ́ kó máa fọ aṣọ àwọn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, nítorí ọdún márùn-ún ló ti ń lérí pé òun ń bọ̀ wá di ọ̀gá. Wàyí o, ọ̀gá dé. Ó dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń retí kí inú òun dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Kò sì bàjẹ́. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Oníbàárà kan ló mú un dé inú yàrá yẹn. Aláṣọ Funfun ni wọ́n ń pè é: bàbá kúkurú kan tó mọ́ tónítóní, tó ń kó aṣọ funfun wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ máa ń ní àbàwọ́n pupa létí. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, torí omi gbígbóná á jẹ́ kó wọ aṣọ lára. Ọ̀gá-ń-bọ̀ mọ èyí. Ọdún mẹ́ta ló fi ń fọ̀ ọ́.

"O ò béèrè rí," bàbá náà sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Irú ẹni tí mò ń wá nìyẹn."

Ẹ̀yìn ilé ìṣẹ́ àwọn káfíńtà ni yàrá náà wà. Ariwo ayùn ń wọlé láti ìta, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ ṣú dùdù. Abọ́ tánganran kan tó kún fún omi wà nílẹ̀. Àwọn nǹkan kan ń mí ní kọ̀rọ̀, èémí wọn tutù, ó ń rùn bí irin tó dípẹtà. Aláṣọ Funfun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó fi abẹ là á níka. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú omi, tó, tó, tó. Omi gbé e mì, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

"Ta ló fẹ́ràn rẹ jù láyé yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, bàbá."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Kò fi orúkọ yẹn sẹ́nu rí. Ta ní í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ? Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú. Òun ló pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí kọ̀rọ̀. "Bó o ṣe ń pè é nílé ni kó o pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá jẹ́ ni wọn ó jẹ."

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín: ó yé e. Ẹ̀rù bà á débi pé ó tọ̀ sí ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún lórí aṣọ ẹlòmíràn ti sú u. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

"Ohùn kì í jáde kí etí má gbà á.
Òjò kì í rọ̀ kí ilẹ̀ má mu ún.
Ẹni tí ẹnu yìí bá pè, kó jẹ́.
Bó ń ṣiṣẹ́, kó jẹ́. Bó ń sùn, kó jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi o!" ni Ọ̀gá-ń-bọ̀ pè. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta.

Nǹkan kan dáhùn láti inú omi, ohùn kan tó kúrú tí kò yé e. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú tipiri. Ó gba apá gòkè, ó sì dé àyà.

"O ò ní í mọ nǹkan kan lára mọ́," ni Aláṣọ Funfun wí, ó ń nu abẹ rẹ̀. "Oore ni mo ṣe ọ́. Ẹni tó bá ń mọ nǹkan lára kò lè gbádùn owó yìí."

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ni, ó wà láàyè, ó ń sunkún.

"Àbúrò mi, Sùúrù ti kú."

Sùúrù ni ajá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ajá tí wọ́n sọ ní Sùúrù tí kò sì ní sùúrù rárá. Ọdún méje sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ dókítà ẹran, gbé e nínú gọ́tà. Bí Ọ̀gá-ń-bọ̀ bá ti kan géètì, tó ké pé "Ẹ̀gbọ́n mi o!", ajá yìí ló máa ń kọ́kọ́ sáré yọ, á gbó lẹ́ẹ̀kan, á máa ju ìrù, nítorí eegun tó mọ̀ pé ó wà nínú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín bọ̀ lẹ́yìn, á ní, "Ajá yìí rò pé òun lò ń pè ní ẹ̀gbọ́n!" Eré ni wọ́n ń fi í ṣe.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló sọ sórí fóònù. Ó ń wá ìbànújẹ́ nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Kò rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí òórùn ẹran tó ń jó gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ló gbé lé ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún, awọ ti lẹ̀ mọ́ irin. Nígbà tó gbé e kúrò, awọ náà bá a lọ. Kò dùn ún. Ó wo eegun funfun tó yọ jáde, ó sì pa iná áyọ́ọ̀nù.

Ẹnu ọ̀nà ni Aláṣọ Funfun dúró sí tó ń wò ó.

"Ènìyàn la bẹ̀, ajá lo gbé wá," ni bàbá náà wí. "Inú wọn ò dùn. Owó ajá kì í pẹ́ ẹ́ rà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo pè é bí ẹ ṣe ní kí n pè é."

"Mo mọ̀. Ajá yá jù ú lọ ni. Àwọn fúnra wọn ló ń bọ̀ wá pè é lónìí, lọ́sàn-án gangan. Ohùn rẹ ni wọn ó yá. Má lọ síbẹ̀ o."

"Tí kò bá wá jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n wo ló ń gbọ́ igbe àbúrò rẹ̀ tí kò ní jẹ́? Wọn ò ní yé pè, títí ẹnìkan á fi jẹ́." Ó kó aṣọ tuntun lé orí tábìlì, àbàwọ́n rẹ̀ ṣì tutù. "Bá mi fọ ìwọ̀nyí."

Ọ̀gá-ń-bọ̀ kò fọ̀ ọ́. Ó fi aṣọ ìnura di ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde. Mi ò ní sọ pé ìfẹ́ ló gbé e lọ, nítorí kò mọ ìfẹ́ kankan lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú yàrá tó ti ń tọ́jú ẹran, lẹ́yìn ilé. Sùúrù wà lórí tábìlì irin, inú rẹ̀ là sílẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wú.

"Mi ò sùn," ló wí, láìwẹ̀yìn. "Mo kọ́kọ́ ní májèlé eku ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ní bóyá ejò ni. Mo fá irun ara rẹ̀ tán, mi ò rí ojú eyín kankan. Àpòlúkù rẹ̀ kò lọ́. Ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Oòrùn kọ́, abẹ́ ìbòòji ló wà. Ọkàn rẹ̀ le ju tèmi lọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó kàn gbé orí sókè ni, bí ìgbà tí ẹnìkan pè é. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ó sáré lọ sí géètì, ó ń ju ìrù. Mo tẹ̀lé e, mo rò pé ìwọ lo dé. Mi ò bá ẹnìkan. Ibẹ̀ ló ṣubú sí."

Ọ̀gá-ń-bọ̀ wo aago ara ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jáde gba ẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pè yín, ẹ má jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi o!"

Láti géètì ni. Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ẹnu rẹ̀ tó wà ní pípadé. Ọ̀gá-ń-bọ̀ fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹ̀rù mú kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé e jẹ, eyín wọlé dé eegun. Kò mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹ̀gbọ́n mi o!" Ohùn náà ti dé ẹ̀yìn fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já ara rẹ̀ gbà. "Ta nìyẹn? Kí lo ṣe? Àbúrò mi, kí lo ṣe?"

"Èmi ni mo pe Sùúrù," ló wí. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ pè."

Ìpè kẹta kì í ṣe ohùn àgbà mọ́. Ohùn ọmọdé ni, ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, nígbà tí kò tíì sí ẹlòmíràn tó lè pè. "Ẹ̀gbọ́n mi o..." Ó rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà. Ó rí i tó fa èémí sínú láti dáhùn, bó ṣe máa ń dáhùn láti ọgbọ̀n ọdún.

"Òo!" ni Ọ̀gá-ń-bọ̀ jẹ́, ó sì sáré.

Ibi tó ti ń sáré ni gbogbo rẹ̀ ti padà wọ̀ ọ́ lára: iná áyọ́ọ̀nù, eyín ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìka tí wọ́n là. Ikú Sùúrù náà dé, ó dùn ún dé ọkàn. Ó ń ké, ó ń sunkún, ó ń sáré, títí ó fi dé géètì. Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Ó ṣubú.

Dókítà ilé ìwòsàn fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ó lè jẹ́ ọkàn ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, ó lè jẹ́ májèlé, ó lè jẹ́ oòrùn. Ó ní wọ́n á là á wò láti mọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ là á," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Wọ́n pè é ni. Ó sì jẹ́."