Mọ́wùnmí Dé Álámù Ní Fìlà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ẹni tó wà nínú básì, kó rọra di nǹkan mú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kó bọ́ bàtà kó jókòó. Èmi ò kàwé púpọ̀, bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde náà ni mò ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, òótọ́ ni, ní Woolwich níbí, ní London, ló ti ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mọ́wùnmí. Àwọn ará ìjọ ẹ̀ máa ń pè é ní Mummy Inú, nítorí Inúmidùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọdún méjìlélógún ló fi gbé fúláàtì ìjọba ní Barnfield Estate. Ọdún mọ́kàndínlógún nínú ẹ̀ ló fi ń nu ọ́fíìsì olọ́fíìsì. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jáde nílé, ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé pàǹtí gbà ló sì fi ń wọlé. Ẹ wá wo Ọlọ́run. Inúmidùn di nọ́ọ̀sì, ó fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú owó, òun àti báńkì jọ ra fúláàtì nínú ilé gogoro tuntun kan létí odò Thames, àjà kẹrìnlá, ó sì lọ kó ìyá ẹ̀ wá.

Ilé ọ̀hún, àbí kí n pè é ní ààfin? Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn á ṣí fúnra ẹ̀. Michael, tó ń jókòó sídìí tábìlì ìsàlẹ̀, tó ń bá àwọn onílé gba ẹrù pamọ́, á dìde: "Good morning, Madam." Madam! Mọ́wùnmí tó jẹ́ pé "cleaner" ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Yàrá eré ìdárayá wà, yàrá sinimá wà. Lókè téńté, wọ́n gbin ọgbà sórí òrùlé. Tẹ́ ẹ bá dúró ní bálíkónì wọn, ẹ máa rí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Kò sẹ́ni tí Mọ́wùnmí ò tíì fi fídíò pè kó fi hàn án. Àwọn ẹbí ẹ̀ ní Iléṣà ti mọ Thames ju odò tiwọn lọ.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Kíṣíìnì ibẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Òun àti pálọ̀, ojú kan náà ni. Ní Barnfield, tó bá fẹ́ dín ata, á ti ilẹ̀kùn, á ṣí fèrèsé, ó parí. Níbí, kí alùbọ́sà ṣáà bọ́ sínú òróró gbígbóná báyìí, álámù èéfín tó wà lókè pálọ̀ á ti gbé e: píì! píì! píì! Iná á tàn nídìí tábìlì Michael, á sáré gòkè wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Phoebe, ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn gan-an, bá a pàdé nínú lífítì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọbẹ̀ ẹ̀ ń ta sánsán, ṣùgbọ́n etí òun ti fẹ́ di. Eré ni ìyá yẹn ń ṣe. Mọ́wùnmí ò gbà á bí eré.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ilé, pé álámù wọn ń ké jù. Inúmidùn kà á sókè. Ọmọ tí wọ́n bí sí London ni, "o" ló ń pe ìyá ẹ̀, ẹ má bínú sí i.

"Mummy, jọ̀ọ́ gbọ́. Mo sign ìwé nígbà tí mo ra ilé yìí. Kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fọwọ́ kan álámù. Tí wọ́n bá mú wa, wọ́n lè gba ilé lọ́wọ́ mi."

"Ta ló fẹ́ mú wa? Ṣé olè ni wá ni?"

"Mummy, I'm serious."

"Èmi náà serious. Lọ jẹun."

Ariwo kọ́ ló ń dun Mọ́wùnmí, ìtìjú ni. Kí wọ́n má lọ máa sọ pé àtìgbà tí àwọn dúdú ti dé ni ilé ò ti sinmi. Kí wọ́n má tìtorí ata òun fojú burúkú wo ọmọ òun. Ló bá gun àga. Ó mú fìlà náílọ̀n tí wọ́n fi ń wẹ̀, ó fi dé álámù, ó fi sẹ́lótéèpù yí i ká dáadáa bí ẹni tó ń múra fún ọkọ ìyàwó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dín ata. Kẹ́kẹ́ pa. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣebí ariwo lẹ ò fẹ́." Kò sọ fún Inúmidùn. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, ṣé òkè pálọ̀ ló máa máa wò?

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Oòrùn yọ dáadáa. Inúmidùn ti ibi iṣẹ́ dé, ó jẹ búrẹ́dì, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sùn. Mọ́wùnmí wà lórí àdúrà ọlọ́jọ́ méje tó ń fi dúpẹ́ ilé tuntun. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú ìjọ, Moráyọ̀, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birchmere Park, wọ básì láti Thamesmead wá bá a ṣe é. Wọ́n tan àbẹ́là mẹ́ta sínú àwo lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ka Sáàmù, wọ́n kọrin jẹ́jẹ́ kí ọmọ má bàa jí. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, àbẹ́là ò tíì jó dé ìdajì.

Moráyọ̀ ní, "Ṣé ká pa á?"

"Èèwọ̀! A kì í pa àbẹ́là àdúrà. Òun fúnra ẹ̀ ló ń jó tán. Ẹni tó bá pa á ti gé àdúrà ẹ̀ láàárín nìyẹn."

"Ó dáa, a ò pa á. Ẹ wá mú mi lọ wo ọgbà tẹ́ ẹ fi ń yangàn fún wa ní ìjọ."

Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn bálíkónì díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Wọ́n jáde.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ wo omi ìlúwẹ̀ẹ́. Moráyọ̀ fi ìka kan kàn án. "Ẹni tó ní Thames lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ló tún ń fi odò inú ilé ṣe?"

"Èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́ o jàre. Ìwọ lọ wọ Thames lọ wò."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti wọ ibí yìí rí?"

"Mo máa ń wò ó. Wíwò náà dùn."

Wọ́n rín ẹ̀rín títí wọ́n fi dé orí òrùlé. Mọ́wùnmí na ọwọ́ síbí, ó na ọwọ́ sọ́hùn-ún. Inú ẹ̀ dùn, orí ẹ̀ wú. Moráyọ̀ ló kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ wo ọkọ̀ panápaná! Méjì! Ilé ta ló ń jó?"

"Àwọn tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbélé ni."

Kó tó pa ẹnu dé, fóònù ẹ̀ dún. Michael ni. Kò sọ Good morning. Ó ní, "Madam, níbo lọmọ yín wà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, afẹ́fẹ́ ló gbé kọ́tìnì lu àbẹ́là. Kọ́tìnì gbaná, ó ràn mọ́ àga. Álámù tó yẹ kó ké, wọ́n ti dì í lẹ́nu. Páìpù omi kan wà lókè pálọ̀, irú èyí tó máa ń tú omi fúnra ẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Òun ló tú omi tó pa iná, ìgbà yẹn ni Michael tó mọ̀. Asher, ọmọ Ghana tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ilé náà ṣe, ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bo imú, ó wọlé. Ó bá Inúmidùn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èéfín ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó gbé e jáde.

Ọ̀gá panápaná sọ fún Mọ́wùnmí pé, "Ilẹ̀kùn yàrá tó tì ló gba ọmọ yín là. Ká ní ó ṣí sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ báyìí."

Inúmidùn lo ọjọ́ mẹ́ta ní hósípítù. Omi tó ṣàn wọ ilé Phoebe já òkè yàrá ẹ̀ lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Tíì tó lọ sè ni ò jẹ́ kó bá a níbẹ̀.

Ìbéèrè wá dé. Kí ló dé tí álámù ò ké? Òun àti náílọ̀n ti yọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń bójú tó ilé ní Asher ló yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó kọjá, òun ló fọwọ́ sí i pé ó dáa; wọ́n ní ariwo àṣejù tó ń pa tẹ́lẹ̀ gan-an fi hàn pé kò dáa. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná. Wọ́n pe gbogbo onílé sípàdé lọ́jọ́ Thursday.

Lọ́jọ́ Tuesday, ní ilé Moráyọ̀ tí wọ́n sá lọ, Mọ́wùnmí jẹ́wọ́ fọ́mọ ẹ̀. Inúmidùn dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mummy, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti rí àwo àbẹ́là, ìyẹn ò ṣe é sẹ́. Tí wọ́n bá tún gbọ́ ti álámù, ilé ti lọ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá, Mummy."

"Asher ńkọ́?"

"Á ríṣẹ́ míì."

"Asher ló gbé ẹ jáde."

Inúmidùn kọjú sógiri.

Mọ́wùnmí ò lè jẹun. Nígbà tó ń nu ọ́fíìsì, aago ọwọ́ ọ̀gá kan sọ nù, òun ni wọ́n nawọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi jókòó sílé. Àpò kóòtù ọ̀gá náà ni wọ́n ti padà rí aago, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa jẹ ìyà ohun tí ò ṣe.

Lọ́jọ́ Thursday, yàrá sinimá kún. Asher jókòó sẹ́yìn, kò gbójú sókè. Ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó ilé ń sọ̀rọ̀ lọ lórí álámù tí ò ṣiṣẹ́. Mọ́wùnmí dìde.

"Ẹ dákún, òyìnbó mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ mi pọ̀. Álámù Asher dáa. Èmi ni mo dé e ní fìlà. Ata tí mò ń dín ló ń mú un ké, ojú sì ń tì mí. Ọmọ mi ò mọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀ fún ìyà, ẹ dá ọkùnrin yìí padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀."

Inúmidùn náà dìde, ó ń wú ikọ́. "Mo mọ̀ láti Tuesday. Èmi ni mo ní kó dákẹ́. Ìyá mi sàn jù mí lọ."

Ìgbà yẹn ni Phoebe gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ìbọ̀sẹ̀ ló wà lórí tèmi láti Easter. Búrẹ́dì tí mò ń yan ló ń mú un ké."

Ọkùnrin kan ní tòun, bátìrì lòun yọ. Ẹnì kan tún gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí wọ́n kà á, ilé méje ni. Méje! Obìnrin tó ń sá kí wọ́n má bàa fi àwọ̀ bú òun, kò mọ̀ pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń fi ẹ̀mí ara wọn ta tẹ́tẹ́.

Asher padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún Mọ́wùnmí pé, "Mummy, ká ní ẹ pè mí ni. Álámù tó ń mọ ooru, tí kì í ṣe èéfín, ni wọ́n máa ń gbé sítòsí kíṣíìnì. Mo lè sún ti èéfín síwájú. Iṣẹ́ wákàtí kan ni." Wòlíì ìjọ wọn náà ní, "Ta ló sọ fún yín pé bí iná àbẹ́là bá kú, àdúrà ti kú? Ẹ fi ìdérí bò ó kẹ́ ẹ tó jáde."

Ìyà ò ṣàì jẹ wọ́n o. Àwọn ìnṣọ́ránsì kọ̀, wọn ò san ẹrù tó jó. Wọ́n fún Inúmidùn ní ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn: ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ilé lọ. Oṣù márùn-ún làwọn méjèèjì fi há mọ́ yàrá kan ní Thamesmead kí wọ́n tó tún fúláàtì ṣe. Títí di òní, Inúmidùn ò lè gun àtẹ̀gùn kó má mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n padà, ó di ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ mú níwájú Michael, ó ní, "Ẹ kú ilé, Mummy mi." Ẹ̀yin náà gbọ́: ẹ. Ọmọ tí ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ dìde báyìí, ẹ wo òkè. Tí nǹkan bá wà lórí álámù yín, ẹ yọ ọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ lóṣooṣù kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ pe ẹni tó ń tún ilé ṣe, ẹ má tijú. Ẹ fi iná kékeré dín ata, kẹ́ ẹ sì tan ẹ̀rọ tó ń fa èéfín. Ẹ má fi àbẹ́là tó ń jó sílẹ̀ jáde, ì báà jẹ́ àbẹ́là àdúrà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá. Tí iná bá sì ṣẹ́ yọ nílé yín, ẹ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn yín, ẹ pe 999, ẹ má padà wọlé nítorí ẹrù.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka èyí náà ní tiẹ̀ tó fi pamọ́. Ẹ kọ ọ́ sí mi, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹnu sọ ọ́ sínú fóònù kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fi orúkọ yín pamọ́, mo gbà. Ẹ ṣáà sọ ọ́ nígbà tí ẹni tó máa gbọ́ ọ ṣì wà láyé.