Ó Ti Tì

Ooru mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá Ìbejì, tó jẹ́ télọ̀, bọ́ sílé láti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ife sábẹ́ ibi tí yìnyín ti ń jáde lára ilẹ̀kùn fíríìjì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, yìnyín ò jáde.

"Ìyá Ìbejì! Kí ló ṣe fíríìjì yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ ní bálùwẹ̀. "Ó ti tì!" ló fi dáhùn.

Òun ló fi bọ́tìnì tì í, nítorí àwọn ìbejì ti ń fi yìnyín ṣeré, gbogbo ilẹ̀ ń yọ̀. Ṣùgbọ́n "ó tì" lọkọ gbọ́, ó ní ẹ̀rọ ti kọṣẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin yìí kì í sì í gbọ́ pé nǹkan bàjẹ́ kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Aago ilé wọn tó tún ṣe, ẹ̀yìn ló ń rìn.

"Yìnyín ló há síbẹ̀," ló wí. Kò yọ wáyà kúrò lára iná. Ó ki ìka tó fi ń di abẹ́rẹ́ mú bọ ihò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ ohun tí èèyàn ń tẹ̀ kí yìnyín lè jáde, kò gbé e kúrò.

Ìyàwó rẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé mi ò ní ó ti tì ni? Èmi ni mo tì í. Ẹ jẹ́ n bá yín ṣí i." Kò rí ibi tí ìka wà. Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnì tó ní àwòrán àgádágodo.

Abẹ tó ń gé yìnyín nínú ẹ̀rọ yí bìrí. Bàbá Ìbejì figbe ta.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì rán ìka náà, ṣùgbọ́n orí ìka ti gé kúrò. Abẹ́rẹ́ ò dúró níbẹ̀ mọ́. "Èmi ni mo tì í, èmi náà ni mo ṣí i," ni ìyàwó ń sọ ṣáá tẹkúntẹkún. Ó dun àwa aládùúgbò wọn dọ́kàn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Obìnrin tó ń tún fíríìjì ṣe wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"Kò sóhun tó ṣe é, mà. Àwòrán àgádágodo yìí lèèyàn ń kọ́kọ́ wò. Bí kò bá tì, ẹ yọ wáyà lára iná, ẹ gbé ike yìnyín jáde. Bí yìnyín bá dì pọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ máa fi yọ́ ọ. Ẹ má fi ọ̀bẹ gún un, ẹ má kìka bọ̀ ọ́. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ pè wá."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá ti nǹkan pa, kó lọ bá ẹnì kejì sọ ọ́ lójúkojú. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó yọ iná ná. Fíríìjì yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Télọ̀ ni kò lè ránṣọ mọ́. Bí fíríìjì bá bàjẹ́, a ó rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Ẹ sọ fún mi, ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ìka?