Ta Ló Gbé Fáìlì Ẹ̀pẹ́?

Èèpo fáìlì náà wà ní ipò rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Waliyah tó jẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì fà á jáde láàárọ̀ Fúráìdé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2006, ó sì ṣí i. Ìwé funfun tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí ló kún inú rẹ̀. Ó tún un ṣí láti ẹ̀yìn, bóyá ojú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ojú rẹ̀ kò ṣe é.

Ọ́fíìsì Báńkì Ìdàgbàsókè Etí Ọ̀sà lèyí, ní Agric, Ìkòròdú. Báńkì ìjọba ni, àgbẹ̀ àti apẹja ló wà fún. Lọ́dọọdún, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á kó ohun tó ti ṣe àti ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé lọ́jọ́ náà, ó di ọdún mìíràn. Túsìdé tó ń bọ̀ sì ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó.

Ẹ̀rọ ìpakà ìrẹsì wà nínú ètò náà fún àwọn àgbẹ̀ Ìmọ́ta. Ṣùgbọ́n ti Ẹ̀pẹ́ ló tóbi jù: ilé yìnyín àti ààrò ìgbàlódé fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Inú fáìlì tí Waliyah ṣí yẹn ni lẹ́tà wà, èyí tí Bàbá Zikrullah, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ọ sí, fi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bàbá sì ti kú lóṣù kẹsàn-án, kò lè dìde wá tẹ̀ka sí òmíràn.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dámiláre mú ìwé wá lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Síkírù, àbúrò Bàbá tó di olórí ẹbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ló wà lórí ìwé. Ó ní ọjọ́ yẹn náà ni sọ̀fíyọ̀ òun wọn ilẹ̀, tó sì ri òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin sí igun rẹ̀. Tí báńkì bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, kí báńkì wá rà á lọ́wọ́ òun.

Oríyọmí ni olú ilé iṣẹ́ rán wá lọ́sàn-án Fúráìdé náà. Òun ló máa ń tọpinpin ọ̀ràn tó bá dojú rú nínú báńkì. Mánéjà ẹ̀ka náà, Alàgbà Adélàjà, ló dìídì bẹ̀bẹ̀ pé Oríyọmí ni kí wọ́n rán, ìyẹn ò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Adélàjà ló wá iṣẹ́ yìí fún un lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Nígbà tí Oríyọmí fẹ́ gbéyàwó tí kò ní bàbá láyé, Adélàjà ló jókòó sí àga bàbá. Tí wọ́n bá ní kí Oríyọmí fọwọ́ sọ̀yà lórí ènìyàn kan ṣoṣo, Adélàjà ni yóò dárúkọ.

"Súbérù ni," ni Adélàjà wí kí Oríyọmí tó jókòó tán. "Òṣìṣẹ́ wa tó ń bójú tó iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, inú ẹbí yẹn gan-an ló ti wá. Ó gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Waliyah lánàá. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọlọ́pàá wá mú un ní Mọ́ńdè. Àwa á ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Dámiláre, iṣẹ́ á máa lọ."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà, sà?"

"Méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Waliyah."

"Ẹ̀yin fúnra yín mọ ilẹ̀ náà?"

"Èmi? Mi ò débẹ̀ rí. Fọ́tò inú fáìlì ni mo rí. Ilẹ̀ tó dáa ni, iyanrìn gbígbẹ tó tẹ́ lọ rẹrẹ, ó lè gba lọ́rì mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká rà á."

Oríyọmí kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Kò bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Waliyah ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Mo fún Súbérù ní kọ́kọ́rọ́ lóòótọ́, sà. Ó ní Mánéjà ló ní kóun lọ kó ìròyìn Ìmọ́ta sí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ."

"O rí fáìlì Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tó dá kọ́kọ́rọ́ padà?"

"Mo rí èèpo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Mọ́ńdè ni mo ti ń rí èèpo rẹ̀, mi ò ṣí i wò."

Súbérù ní tirẹ̀ kò sunkún. Inú ń bí i.

"Wọ́n ti ní èmi ni, àbí? Torí pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí."

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ gbọ́ pé báńkì fẹ́ kọ́lé síbẹ̀?"

"Oṣù kẹjọ, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ Mánéjà ni ìwé rẹ̀ wà látoṣù kejì. Àwa yòókù ò mọ nǹkan kan."

"Fọ́tò inú fáìlì ńkọ́?"

"Èmi ni mo yà á, ọ̀sẹ̀ kan kí Bàbá tó kú. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo dúró sí yà á. Ọ̀gá, màmá mi ń yan ẹja níbẹ̀. Owó ààrò ni wọ́n máa fi ra ilẹ̀ yẹn. Ṣé màmá mi ni màá wá jà lólè?"

Oríyọmí ti bá ọ̀pọ̀ olè pàdé tó ń fi ìyá wọn búra. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ní Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àlájà Mùsílímátù, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ló mú un lọ sétí omi.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí àwọn òpó tí Dámiláre rì."

Àlájà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti kúrò létí ilẹ̀ dáadáa kí Àlájà tó ki ọ̀pá bọ omi. Ọ̀pá náà wọlẹ̀ títí, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́ tó fi dì í mú, kó tó dún kọ́ọ́ lára sìmẹ́ńtì.

"Ọ̀kan nìyẹn," ni Àlájà wí. "Àwọn mẹ́ta tó kù ò jìnnà."

"Ìgbà wo lomi ti bò ó?"

"Látoṣù keje. Bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Ó di oṣù kejìlá kó tó fà. Tó bá dẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn nibí yìí, a máa ń sá àwọ̀n síbẹ̀. Súbérù ní wọ́n á kó iyanrìn dí i kó ga kí wọ́n tó kọ́lé."

"Ẹ rí àwọn tó rì wọ́n?"

"A rí wọn. Àsìkò ìkànìyàn ni, oṣù kẹta. Àwọn kan ń kọ nọ́ńbà sára ilé wa, àwọn kan ń ri òpó. A ṣe bí ìjọba kan náà ló rán gbogbo wọn." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "A tiẹ̀ fún wọn lómi mu."

Oríyọmí mọ ohun tí lọ́yà Dámiláre máa sọ: pé àwọn obìnrin ń parọ́ nítorí ọmọ wọn. Ó dáa. Ẹ fi tàwọn obìnrin sílẹ̀. Ta ló lè gbẹ́ ihò, kó po sìmẹ́ńtì, kó ri òpó sísàlẹ̀ omi tó jìn tó báyìí nínú oṣù kẹwàá? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n rì í. Bàbá Zikrullah wà láyé nígbà yẹn, Síkírù kò sì ní àṣẹ láti ta ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan. Ìdí tí wọ́n fi parọ́ ọjọ́ nìyẹn, kó lè bọ́ sẹ́yìn ikú Bàbá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kankan ò sì jẹ́ parọ́ pé òun ri òpó síbẹ̀ lóṣù kẹwàá. Ẹni tí kò mọ omi ló ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìgbà náà ló rántí. Iyanrìn gbígbẹ tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Omi ni Súbérù yà sínú fọ́tò. Ẹni tó bá rí iyanrìn níbẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lóṣù kẹta, ènìyàn kan ṣoṣo ló sì mọ̀ pé báńkì fẹ́ kọ́lé sí Ẹ̀pẹ́.

"Ṣé ó rẹ̀ yín ni?" Àlájà bi í.

Ó ní rárá. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n fún un ní ẹja yíyan, kò lè jẹ ẹ́. Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n wá sọ fún un pé bàbá tó bí i ti kú.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wọ ọ́fíìsì Adélàjà. Ọlọ́pàá méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"O ti kọ orúkọ Súbérù?"

"Rárá, sà. Ẹ ní ẹ ò dé Ẹ̀pẹ́ rí. Níbo lẹ ti rí iyanrìn?"

"Nínú fọ́tò."

"Omi ló wà nínú fọ́tò. Òpó Dámiláre wà nísàlẹ̀ omi látoṣù keje. Oṣù kẹta lẹ rì í, nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí bọ́ọ̀tù mọ́tò yín."

Adélàjà yọ dígí ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ má wulẹ̀ fọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Lẹ́tà Bàbá wà níbẹ̀, mi ò tíì ráyè sun ún."

Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni Dámiláre. Àárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá ló fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tó kó ìwé funfun sínú fáìlì. Lẹ́yìn náà ló rán Súbérù síbẹ̀ ní Tọ́sìdé, kí wọ́n lè rí ẹni di ẹ̀bi rù.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ ètò ọlà fún ẹlòmíràn," ló wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á fún mi ní aago ara ògiri, wọ́n á ní kí n máa lọ. Ilé tí mò ń kọ́ ò tíì lórùlé."

Ní Túsìdé, Súbérù fúnra rẹ̀ ló ka ètò Ẹ̀pẹ́ síwájú ìgbìmọ̀, ilé yìnyín àti ààrò, lẹ́tà Bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i. Oríyọmí kò dúró gba ìkíni. Tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ló gbà lọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí Adélàjà fún ìṣẹ́jú kan.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, sà. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lẹ ní kí wọ́n rán?"

Adélàjà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

"Ta ni ǹ bá ní kí wọ́n rán? Ọdún mọ́kànlá, o ò yẹ ọ̀rọ̀ mi wò rí."

Omi lé ròrò sí Oríyọmí lójú. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọlọ́pàá pé òun ti ṣe tán.